Oòrùn ń ràn láago kan òru: bí kámẹ́rà mi ṣe fẹ́ sọ ọmọ télọ̀ di olè l'Agric

Ariwo ìyàwó lándílọ́ọ̀dù wa ló jí mi láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Aago mẹ́fà ti kọjá díẹ̀. "Wọ́n ti gbé e lọ o! Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ omi lọ!" Kí n tó wọ sálúbàtà mi tán, gbogbo ilé ti wà lẹ́yìnkùlé. Páìpù tí wọ́n fi ayùn gé ṣì ń kán omi tó, tó, tó sórí sìmẹ́ǹtì. Wáyà iná méjì ń jò fìrífìrí lára ògiri. Ibi tí ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táńkì máa ń wà ti ṣófo.

Ilé onífúláàtì mẹ́rin ni ilé wa, nínú àdúgbò kan l'Agric, n'Ikòròdú, lápá ibi téèyàn ń gbà lọ sí Ìṣawo. Gbogbo wa la jọ dá owó ra ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ jóná. Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó kàn: kẹ́ẹ̀gì ti di ti gbogbo ayé nìyẹn, òṣìṣẹ́ báńkì ò ju ọmọ iléèwé lọ.

Àwọn kan ń ṣépè, àwọn kan ń kàn ń mi orí. Ìgbà náà ni mo la ẹnu mi, mo ní: "Ẹ fara balẹ̀. Kámẹ́rà mi á ti rí i."

Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni mo gbé kámẹ́rà sókè ẹnu ọ̀nà, lándílọ́ọ̀dù sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé báńkì ni ilé mi ni?" Ó wá di pé èmi ni gbogbo wọn yí ká. Mo ṣí áàpù náà lórí fóònù mi, orí èèyàn mẹ́jọ já lé mi léjìká. Nígbàkúùgbà tí nǹkan bá ti mì níwájú kámẹ́rà, á gé fídíò kékeré kan pa mọ́, á kọ àsìkò sí i. Mo fi ìka ti àwọn tọ̀sán kọjá wàràwàrà, mo wá aago mẹ́ta òru lọ tààrà. Ṣebí aago mẹ́ta lolè máa ń jà?

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. 03:02. Àwòrán dúdú-funfun, bó ṣe máa ń rí tílẹ̀ bá ti ṣú. Ọmọkùnrin kan dé fìlà, ó ti géètì kékeré, ó wọlé, báàgì Ghana-must-go kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ̀ jọwọrọ bí ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ní 03:13, ó jáde. Báàgì náà ti kún, ó gbé e lé èjìká. Kó tó fa géètì dé, ó gbójú sókè.

"Ọmọ télọ̀!" Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi pariwo.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ìyà tó jẹ ẹ́ ti tó. Ọmọṣẹ́ ni níṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lẹ́nu àdúgbò wa, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ti lọ gbé e. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé. Ẹnì kan gbá a létí. Ẹlòmíì gbá a nípàá. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, a ò gbọ́. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tó ń béèrè pé táyà wà nílé vọ́kánáísà àbí kò sí.

Ẹni tí kò bá mọ Ìkòròdú á rò pé mò ń ṣe àsọdùn. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ bàbá, ìyá àti ọmọ lórí lójú oorun. Ìbẹ̀ṣẹ̀ rí i, Odogúnyàn rí i, wọ́n dé Ògìjo tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn èèyàn ò sùn mọ́. Wọ́n ń jókòó síta pẹ̀lú àdá àti ìbọn ìbílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìbẹ̀rù yẹn náà pààyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2017, aláwàdà kan, Chinedu Paul, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí MC Think Twice, bọ́ sọ́wọ́ èrò n'Ikòròdú. Wọ́n ní ọmọ Badoo ni òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Wọn kì í ṣe é. Àwọn èrò pa wọ́n.

Àwọn tó pa aláwàdà yẹn ò ní ẹ̀rí kankan ju ojú àlejò lóru lọ. Èmi ní fídíò. Fídíò náà ní àsìkò lára. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ ni mo wá," ọmọ náà ń sọ fún mi, "aṣọ Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni mo wá gbà. Kọ́tìnnì ni. Ẹ pè wọ́n." A pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ìyẹn obìnrin tó ń gbé lókè wa. Iṣẹ́ alẹ́ ló lọ, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí i pé ó ti mọ̀ pé kò sí nílé?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn tí wọ́n bá ti dá èèyàn lẹ́bi tán, ohun tó yẹ kó gbè é á di ohun tó ń lù ú.

Alhaji tó ń gbé ilé kejì ló yọ wá. Bàbá náà ti ń bọ̀ látìgbà tó ti gbọ́ ariwo, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní káwọn wo fídíò náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọn ò tiẹ̀ wo àwòrán, etí ni wọ́n gbé sún mọ́ fóònù. "Tún un gbé." Mo tún un gbé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìrun wo ni wọ́n ń pè láago mẹ́ta òru?"

Gbogbo wa dákẹ́. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Lẹ́yìn ariwo géètì, ohùn ládánì ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, rere bí ọjọ́ ti rí. "Ìrun Ìṣáì nìyẹn," Alhaji ní. "Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń pè é níbí. Èmi fúnra mi lọ kí i lánàá."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo fa fídíò padà sẹ́yìn. 02:00, ìrọ̀lẹ́ ni, kò tíì ṣú tán. 01:00, oòrùn ń ràn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: láago kan òru, oòrùn ń ràn l'Agric, òjìji géètì nà sílẹ̀ gbọọrọ, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nígboro. Mo bọ́ síbi àwòrán tó ń lọ lọ́wọ́, mo wo igun lókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì. Ó kọ 14:07 síbẹ̀. Aago fóònù mi ní 07:07.

Wákàtí méje. Aago China ni kámẹ́rà mi ń ka, látìgbà tí wọ́n ti kó o kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. GMT+8 làwọn, GMT+1 làwa. Ọmọ tí mo fẹ̀sùn kàn pé ó wọlé wa láago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjì òru, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wọlé, lójú gbogbo ayé, kó tó di pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Mi ò fura rí torí pé ìkìlọ̀ tó ń wọlé sórí fóònù mi, aago fóònù ló ń lò. Nọ́ńbà kékeré tó wà lórí àwòrán yẹn, mò ń rí i lójoojúmọ́, mi ò kà á.

Wọ́n jọ̀wọ́ ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níjọ́ yẹn. Èrò kàn yọ̀ lọ ní méjì méjì ni, bí ẹni tó rántí pé òun gbé nǹkan ka iná. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, Àǹtí Nọ́ọ̀sì pè padà: bẹ́ẹ̀ ni, kọ́tìnnì ni, òun fúnra òun ló kó o sí báàgì fún un.

Òru wáńkọ́? Wọ́n mú iná lọ láago méjìlá, wọn ò mú un dé títí di nǹkan bí aago márùn-ún. Iná ni kámẹ́rà mi ń jẹ. Nítorí náà, láàárín wákàtí márùn-ún yẹn, ohun tó wà lórí káàdì rẹ̀ ni òfìfo. Àárín ìgbà yẹn lolè fara balẹ̀ gé páìpù. Ẹnì kan ṣoṣo tí kámẹ́rà mi rí ni ẹni tí kò jalè.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sẹ́yìn, torí àṣìṣe aago yẹn ò dá wà. Òun ló kẹ́yìn nínú gbogbo nǹkan tí mo fi ìkánjú ṣe.

Computer Village n'Ikẹjà ni mo ti ra kámẹ́rà náà. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Bọ̀ọ̀sì, ẹ kàn ki í bọ iná ni, ó parí." Kò parí o. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi ń na fóònù síwájú rẹ̀ kó lè rí àmì onígun mẹ́rin tí áàpù ń gbé jáde, tó sì ń sọ fún mi pé òun ò rí Wi-Fi. Wi-Fi sì ń ṣiṣẹ́, mo ń wo YouTube lórí ẹ̀! Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ráútà mi ń gbà gbé Wi-Fi jáde, 2.4GHz àti 5GHz. Èyí àkọ́kọ́ lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá. Èkejì yára bí àṣá, àmọ́ ògiri méjì péré ti tó láti mú un dákẹ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́. Orúkọ kan náà ni ráútà mi sì ń fi pe méjèèjì, fóònù mi wá lọ jókòó sórí 5GHz, ó ń pe kámẹ́rà sí ibi tí kò lè dé. Mo wọ inú ráútà lọ, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, mo gbé fóònù sórí 2.4. Kò gba ìṣẹ́jú méjì mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Láti pálọ̀ mi dé ẹnu géètì, ògiri mẹ́ta ló wà láàárín, pẹ̀lú irin ojú fèrèsé. Mo gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo gbé e sójú fèrèsé, ó sàn. Ẹni tó bá lágbára wáyà, kó fa wáyà jàre. Oríṣi kámẹ́rà kan wà tó jẹ́ pé wáyà kan náà ló ń gbé iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ fún un. PoE ni wọ́n ń pè é, kò ní bá yín fa wàhálà ògiri.

Ohun tó kàn ni pé mo fẹ́ máa wo ilé láti ibi iṣẹ́ mi lErékùṣù Èkó. Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ yìí. Ìdajì ọjọ́ ló fi ń gbìyànjú láti ṣí ojú ọ̀nà kan lára ráútà káwọn tó wà níta lè gba ibẹ̀ wọlé. Kò ṣeé ṣe. Ráútà onísíìmù ni tèmi, bíi ti ọ̀pọ̀ wa. Lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, èrò rẹpẹtẹ ló sábà máa ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ fi wé ilé face-me-I-face-you: nọ́ńbà ilé ẹyọ kan, yàrá ogún. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ò lè mọ yàrá tó yẹ kó kàn. Áàpù kámẹ́rà náà ló wá yanjú rẹ̀, torí pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá ilé iṣẹ́ tó ni áàpù, fóònù mi á sì lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo dúpẹ́ pé ilẹ̀kùn yẹn ò ṣí.

Ìdí tí mo fi dúpẹ́ rèé. Lọ́dún 2016, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan n'Amẹ́ríkà kọ ètò kọ̀ǹpútà burúkú kan tí wọ́n pè ní Mirai. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ó ń rìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti ráútà, ó ń dán orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù bíi 60 wò, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn látilẹ̀, irú "admin" àti "123456" yẹn. Tó bá ti wọlé, kámẹ́rà náà á di ọmọ ogun rẹ̀, ẹni tó ni ín ò sì ní mọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ya bo ilé iṣẹ́ Dyn, ọ̀pọ̀ èèyàn n'Amẹ́ríkà ò sì rí Twitter tàbí Netflix ṣí.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló dé Liberia, nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú wa níbí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, kó ogun tirẹ̀ jọ, kámẹ́rà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ kọ Lonestar, ilé iṣẹ́ fóònù tó wà ní Liberia. Ẹnì kan nílé iṣẹ́ tó ń bá Lonestar dupò ló gbé iṣẹ́ fún un, tó sì ń sanwó fún un. Ìkọlù náà le débi pé íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà mì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní London sọ Kaye sẹ́wọ̀n oṣù 32. Àwọn tó ni kámẹ́rà ńkọ́? Wọ́n ń sùn ni, wọ́n ń rò pé ohun tó wà lára ògiri ń ṣọ́ ilé.

Èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí, páásíwọ́ọ̀dù tó bá kámẹ́rà mi dé ló wà lára rẹ̀ fún oṣù méjì. Mo ti yí i padà. Mo ní kí áàpù máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi kó tó jẹ́ kí fóònù tuntun wọlé. Kámẹ́rà náà sì ní ibi téèyàn ti ń gba àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kì í pariwo, èèyàn ló gbọ́dọ̀ lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ dátà, gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà tó bá ń fi megabit kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sántòru, á jẹ nǹkan bí 10.8GB lójúmọ́. Láti ìgbà tí NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé káwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, ta ló fẹ́ gbọ́ irú nọ́ńbà yẹn? Mo fi káàdì 64GB sínú rẹ̀, orí rẹ̀ ló ń kó gbogbo nǹkan sí. Tó bá kún, á pa ti àtijọ́ rẹ́. Kìkì ìgbà tí nǹkan bá mì ló ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé kí gbogbo fídíò rẹ̀ máa lọ síta nìkan, kó rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì wa sì di ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Iná ló ná mi lówó jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi. Bátìrì 12V, 7Ah, ni mo rà. Lórí ìwé, wátì 84 fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà àti ráútà papọ̀ ń jẹ nǹkan bíi wátì 15. Ẹ bá mi pín in, á lé ní wákàtí márùn-ún. Lójú ayé ó ń dín, torí bátìrì kì í fẹ́ kéèyàn fà á gbẹ. Ẹ má gbàgbé ráútà o. Mo mọ ẹni tó fi bátìrì sí kámẹ́rà nìkan, kámẹ́rà ń rí olè kedere, kò sì lè pe ẹnikẹ́ni.

Aago ni mo fi kẹ́yìn, òun ló sì yá jù. Nínú ibi àtòpọ̀ rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n kọ àgbègbè àsìkò sí, mo fi GMT+1 síbẹ̀, mo ní kó máa gba aago lọ́dọ̀ pool.ntp.org fúnra rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi sílẹ̀ láìṣe fún oṣù méjì tí táyà fi wọ ọ̀rọ̀ wa. Báyìí, ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo máa ń lọ dúró níwájú géètì, mo máa ń na aago ọwọ́ mi sókè sí kámẹ́rà, mo máa ń wọlé lọ wo ohun tó kọ. Lándílọ́ọ̀dù ní mò ń kí alùpùpù tó wà lókè. Kó máa sọ ọ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ńkọ́? Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ló ń darí ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ó béèrè, nínú àwọn nǹkan míì, pé kí ẹ̀rọ náà ti máa ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tọ́rọ̀ kàn, kí ẹnì kan sì fọwọ́ síwèé pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi ni wọn ì bá ní kí n fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i pé, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i.

Ìyá alákàrà tó wà níwájú ilé wa náà ti bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, ṣé èmi náà ń bẹ nínú tẹlifíṣọ̀n yín?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá o. Irọ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé wọn wà nínú rẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Òfin ààbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 yọ ohun téèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àyè gba kéèyàn tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíì mọ́lẹ̀, abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa sì ti dáàbò bo ilé onílé tipẹ́. Mo yí ojú kámẹ́rà náà, mo sì fi dúdú bo apá tó kù nínú àwòrán. Mo pe Ìyá wá wò ó lórí fóònù. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ibi àkàrà mi wà níbẹ̀, tórí àwọn tí ń jẹ gbèsè."

Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ronú nǹkan yìí fún ilé gbígbé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Marie Van Brittan Brown lorúkọ rẹ̀, ní Queens, New York. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1966, wọ́n sì gbà á lọ́dún 1969. Nọ́ọ̀sì ni, bíi Àǹtí òkè wa. Òun nìkan ló sábà máa ń wà nílé lóru, ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé. Kámẹ́rà rẹ̀ wà fún kó lè mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó ṣílẹ̀kùn.

A ò rí ẹ̀rọ omi wa. A ti dá owó òmíràn, a sì ti fi irin ká a.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí n jókòó, mi ò lè jókòó. Mo bẹ ọ̀gá, mo bẹ ọmọ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú lápá kan. Orí máṣíìnì ló wà, kọ́tìnnì Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ń rán. Kò dá mi lóhùn fún ìgbà pípẹ́. Ó wá dá ẹsẹ̀ dúró.

"Brọ̀dá, aago mélòó ni kámẹ́rà yín sọ báyìí?"

Mo mú fóònù jáde, mo wo igun lókè. "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá."

Ó gbójú sókè wo aago tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, ó sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì.